Ògiri Tí Madam Siew Imm Ní Kí Wọ́n Fi Sìmẹ́ńtì Rẹ́

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ jókòó.

1.

Madam Cheah Siew Imm kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọkàn yín máa kọ́kọ́ lọ. Ní George Town níbí, ní erékùṣù Penang, lórílẹ̀-èdè Malaysia, òun ló dá ẹgbẹ́ tó ń gba àwọn ilé àtijọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wó wọn. Ó gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà igi kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ní kí gbogbo ẹ̀yà máa lò ó. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn Hokkien, ìyẹn àwọn ará Ṣáínà bíi Madam, á ṣeré olórin wọn. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn ọmọbìnrin Tamil, tí baba ńlá wọn wá láti Íńdíà, á jó lókè. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Cik Norlida, akọ̀wé ẹgbẹ́, á kó àwọn Malay tó ń kọrin boria wá. Ẹnì kan ò lé ẹnì kan jáde. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gbé àdúgbò yẹn, mi ò rírú ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n Madam fẹ́ràn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún òun. Àìsàn ibẹ̀ nìyẹn.

2.

Nínú òjò oṣù kẹwàá, wọ́n ń tún ilé náà rẹ́. Muthaiah ni birikilà, baba Tamil ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Anneh ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lédè wọn. Biriki àti ẹfun tí wọ́n fi ìkarahun òkun sun ni wọ́n fi kọ́ ilé yẹn láyé àtijọ́, ẹfun yẹn náà ni baba sì ń pò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó mi orí.

"Madam, ó ṣì tutù nínú. Ẹ fún mi di oṣù kẹta."

"Oṣù kẹta kẹ̀? Anneh, oṣù tó ń bọ̀ ni gómìnà máa wá ṣí i! Ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ẹ fi ọ̀dà dídán kùn ún, ó parí."

"Háà! Sìmẹ́ńtì ò ní jẹ́ kí omi inú ẹ̀ ráyè jáde. Igi àjà tó wọnú ògiri ló máa mu ún. Ẹ ò sì ní rí i, àfi lọ́jọ́ tó bá já."

"Ṣé kí n wá sọ fún gómìnà pé ògiri ò tíì gbẹ?"

"Gómìnà ò ní gbébẹ̀, Madam. Á gé ríbọ́ọ̀nù, á mu tíì, á lọ. Àwọn ọmọ ló máa jó níbẹ̀."

Ojú Madam pọ́n. "Ta ni olórí ẹgbẹ́ yìí, ìwọ àbí èmi?"

Baba kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó lọ. Cik Norlida dúró síbẹ̀, ó ń wo bàtà ara ẹ̀. Àwọn birikilà mìíràn ló wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é tán.

3.

Ọjọ́ ìṣílé dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ògiri funfun báláú. Orúkọ Madam wà lára òkúta lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Wọ́n wá fi Anneh Muthaiah ṣe ẹlẹ́yà. Nílé tíì, wọ́n á ní, "Anneh, àjà tẹ́ ẹ ní ó máa já ńkọ́? Àbí ó ń dúró de ọjọ́ ìbí yín ni?" Baba á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á máa ro tíì ẹ̀ pọ̀.

Ọmọ ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, Thenmozhi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Baba, tí ọmọ náà ń pè ní Thatha, ìyẹn bàbá àgbà lédè wọn, ti ní kò gbọdọ̀ jó nílé yẹn.

"Thatha, gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló wà níbẹ̀! Ọdún méjì rèé, kí ló ṣe ilé náà?"

Baba lọ wo ògiri. Ó ṣì funfun. Ó ní bóyá ogbó ti ń ṣe òun ni. Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, ó mú un gòkè fúnra ẹ̀.

4.

Lọ́dún kẹta, ọ̀dà ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Norlida lọ bá Madam.

"Madam, òórùn igi jíjẹrà ń jáde lókè. Ẹ jẹ́ ká ti ilé yìí pa, ká pe Anneh."

"Lóṣù tí wọ́n ń bọ̀ wá fún wa lámì-ẹ̀yẹ? Kí Anneh wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ ha ọ̀dà yẹn, kẹ́ ẹ tún un kùn."

"Ó dáa, Madam."

Ó mà ṣe o! Wọ́n ha á, wọ́n tún un kùn.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọmọ mẹ́tàdínlógún ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ lókè bí ijó wọn ṣe rí. Orí àwọn igi tó wọnú ògiri ti jẹrà tán. Àjà já.

Anneh Muthaiah sáré dé, ó ń fọwọ́ kó biriki. Ó di orí igi kan mú, igi náà rún mọ́ ọn lọ́wọ́ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì bọ tíì. Wọ́n yọ ọmọ mẹ́rìndínlógún láàyè, àwọn mìíràn nínú wọn ò sì lè rìn dáadáa títí dòní. Thenmozhi ni wọ́n yọ gbẹ̀yìn. Ó ti kú.

5.

Madam bá baba níwájú ilé ìwòsàn, ó kúnlẹ̀.

"Anneh, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé ó máa rí báyìí. Ẹ bú mi! Ẹ gbá mi létí!"

"Ẹ dìde, Madam. Ẹ̀yin ní ẹ ò mọ̀. Èmi mọ̀. Mo mọ̀, mo sì fọwọ́ ara mi mú un gòkè."

Láti ọjọ́ náà, baba ò fọwọ́ kan irinṣẹ́ mọ́.

Wọ́n ti wó ilé náà. Ẹgbẹ́ ti tú ká. Àwọn tó ti ń jẹun pọ̀ tẹ́lẹ̀ ń sọ lọ́jà báyìí pé ẹ̀yà báyìí ló pa ọmọ ẹ̀yà báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn parí ẹ̀. Madam ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo kànkùn lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì padà sílé.

Ẹ̀yin olórí, ẹni tó mọṣẹ́ bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró! Àlejò pàtàkì lè bínú lọ sílé, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó kú ò ní jí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì mọ òótọ́ tẹ́ ẹ ń sọ pé "Ó dáa, Madam," ẹ̀yin tí ẹlẹ́yà mú yín ṣiyè méjì ohun tẹ́ ẹ mọ̀ dájú, àti èmi tí mo pàtẹ́wọ́, ọrùn gbogbo wa lẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn wà. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà, ó sì wọ́.