Fà Á Wò

Rewáyà fa ọwọ́ yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka tó jó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná iwájú ti yọ́ bí àbẹ́là.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ jákujàku yìí?" ó bi obìnrin tó ni ọkọ̀. "Wáyà ò dì mọ́ra, kò ní ṣàì gbóná! Ọ̀gá wo ló kọ́ ẹni yẹn níṣẹ́ ná?"

Obìnrin náà wolẹ̀.

"Ọ̀gá tèmi ò jẹ́ gba irú èyí. 'Fà á wò,' ni wọ́n máa ń wí. Tó bá fi lè yọ, ìgbátí ni!"

Ó pòṣé, ó gé ibi tó jó, ó so sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ọn. Bó ṣe ń we téépù, ẹnìkan wúkọ́ nínú ọkọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ ò jẹ́ kó rí onítọ̀hún.

"Bàbá mi ni," obìnrin náà sọ jẹ́jẹ́. "Àwọn ni wọ́n ṣe é. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín nìkan ni ká gbé e wá."

Ohùn tí rewáyà mọ̀ bí ẹní mowó jáde látinú ọkọ̀:

"Fà á wò."

Rewáyà di wáyà mú. Ó fà á wò bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.