Rọ́tà Kékeré Tó Ní Ọ̀nà Gbogbo Ayé Wà Lọ́dọ̀ Òun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, torí ẹni tó jìyà rẹ̀ jù kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

1.
Ẹnjiníà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ó-Parí, torí kì í ṣe iṣẹ́ dé ìdajì kó tó sọ pé ó parí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ní ẹ̀ka káàkiri ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà.

Wọ́n ṣí ẹ̀ka kékeré kan, Ó-Parí sì lọ to rọ́tà ibẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń darí ìsọfúnni. Àwọn rọ́tà ilé ìwòsàn náà máa ń sọ ọ̀nà tí oníkálukú mọ̀ fún ara wọn. Ó fún ti ẹ̀ka yìí ní okùn íńtánẹ́ẹ̀tì tín-ínrín, ó ní ohunkóhun tí kò bá mọ ọ̀nà rẹ̀, kó gbé e gba ibẹ̀. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ torí ìkánjú, ètò rọ́tà olú iléeṣẹ́ ló dà kọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ni rọ́tà kékeré náà bá ń kéde ọ̀nà yìí fún gbogbo ẹ̀ka.

Ìyá Ìbejì, ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀, rí i. Ó ní kí wọ́n yọ ìkéde náà, tàbí kí wọ́n tiẹ̀ fa okùn ńlá olú iléeṣẹ́, tí gbogbo ẹ̀ka ń gbà dé íńtánẹ́ẹ̀tì, yọ, kí wọ́n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ torí ọ̀nà ńlá wà. Ọjọ́ tí ọ̀nà ńlá bá já ńkọ́?"

Ó-Parí rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀nà kejì wà ní olú iléeṣẹ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

2.
Àárọ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀ka mìíràn ni ọ̀nà ńlá já. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló dí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ni dókítà ti máa mú àwòrán ibi tó dí gan-an kó tó lè ṣí i.

Ó-Parí dúró kí ọ̀nà kejì ṣí. Kò ṣí. Ẹ gbọ́ o, kò bàjẹ́! Wọ́n ti pàṣẹ fún un pé kó má jí àyàfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, ó sì ń gbọ́ tí rọ́tà kékeré ń kéde pé ọ̀nà wà lọ́dọ̀ òun. Ló bá ń sùn lọ. Ẹrù gbogbo ẹ̀ka ya sórí okùn tín-ínrín náà, bí ìgbà tí gbogbo ọkọ̀ ìlú ya wọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Nǹkan kan ò lọ, nǹkan kan ò bọ̀.

Ó-Parí sọ fún ọ̀gá wọn pé Ìyá Ìbejì ló fọwọ́ kan nǹkan. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó kàn ní kó wo ọ̀nà tí rọ́tà olú iléeṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Ó-Parí wò ó. Rọ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ni.

Ó yọ ìkéde náà, ọ̀nà kejì sì ṣí lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà ò rí àwòrán yẹn títí ẹsẹ̀ fi kú, wọ́n sì ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

3.
"Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un. "Kí lèèyàn máa ṣe sí ìyẹn?"

"Èmi ni mo fà á, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sunkún, kò ṣépè. Ó ní kó bá òun ti ilẹ̀kùn bó bá ń jáde.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ó-Parí. Ìyẹn ò dá ẹsẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to rọ́tà, ọ̀nà ìgbẹ̀yìn tí ẹ bá fún ẹ̀ka, ẹ jẹ́ kó mọ sí ẹ̀ka náà. Ẹ fọwọ́ ara yín já okùn ńlá wò nígbà tí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ò so mọ́ ọn. Ẹ má sì gbé ẹ̀bi yín kọ́ ẹlẹ́gbẹ́ yín lọ́rùn. Kò tọ́, kò yẹ, kí ìkánjú ẹnì kan gé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.