Ìpè Nípa Bíńgò

"Mádàámù, bíńgò yín jẹ mílíọ̀nù kan! Ẹ kọ́kọ́ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́ ká lè san án."

Tíṣà obìnrin kan ló gbé ìpè náà. Inú ọkọ̀ Ìjẹ̀bú tó ń kó èrò ní gáréèjì Challenge ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bíńgò lórí fóònù.

"Rárá o! Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo máa ń fi ta tẹ́tẹ́ lọ́sẹ̀, ó sì ti tán. Ta ló fún yín ní nọ́ńbà mi?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ èrò."

"Ó ku ẹnìkan!" ni agbèrò pariwo níta. Tíṣà gbọ́ igbe náà nínú fóònù pẹ̀lú. Ó gé ìpè náà kíá.

Èrò tó kù wọlé, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra. Ẹnìkan mí sí i lọ́rùn láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"Mádàámù, ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán."