Ẹsẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Fọ́

Gbà! Bàbá tún fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ gbá etí àtẹ̀gùn òkúta níwájú ilé-iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ rọra, Bàbá! Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn ni, àbí ẹ fi ń la igi?"

"Ilẹ̀ ló máa ń wá mi níjà."

Ọmọ náà, ẹnjiníà tó ṣe ẹsẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀, mi orí. Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù, okùn dúdú tín-ín-rín tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ni wọ́n fi ń ṣe irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó le, ó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́, àmọ́ tí nǹkan bá kọlù ú lójijì, ṣe ló máa ń sán bí àwo. Mẹ́ta ni bàbá ti fọ́ lọ́dún yìí. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi po lẹ́búlẹ́bú rọ́bà mọ́ gọ́ọ̀mù ti tuntun yìí, kó lè máa gba ìyà mọ́ra.

Bàbá tún gbá a, tagbára tagbára. Òkúta ló bó. Àpá kan ò sí lára ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́, ọmọ fò sókè. Ojú bàbá nìkan ló fà ro.

"Kí ló dé, Bàbá? Kò ní fọ́ mọ́ láéláé."

"Mo rí i." Bàbá rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ìgbà wo la tún máa wá ríra báyìí?"

Ọmọ kúnlẹ̀, ó kan ẹsẹ̀ náà kókókó, ó sì fajú ro bíi dókítà.

"Háà, ó mà ní àléébù kan o. Àfi kí n máa wá yẹ̀ ẹ́ wò nílé yín ní gbogbo Sátidé."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀! Ayédèrú ni!"