Oníròyìn Tó Ń Fi Ẹnu Àlejò Yin Ará Ilé

Àléébù kan ṣoṣo ni Pyo Gi-hwan ní, àmọ́ ó tó àléébù mẹ́wàá: kò lè ròyìn ọmọ Kòríà tó ń ṣeré ìdárayá láìfi irọ́ lé e. Irọ́ náà kì í ṣe èébú o, ìyìn ni. Ẹnu òyìnbó ló sì máa ń fi í sí, nítorí ohun tí ará òkè òkun ń sọ nípa wọn dùn mọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ nínú ju oúnjẹ àárọ̀ lọ.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn eré ìdárayá kan ní Seoul. Tábìlì èmi àti Pyo kọjú síra. Lọ́jọ́ kan, ó na fọ́tò ọmọbìnrin kan tó ń sáré lórí yìnyín sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n Láoyè, ẹ mọ Ok Da-in, àbí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ta ni?"

"Ha! Ẹ ò mọ Da-in? Ó tán!"

Lọ́jọ́ kejì, àwòrán mi ti wà nínú ìwé ìròyìn: "Ògbóǹtarìgì láti Áfíríkà rí Ok Da-in, ó yadi." Èmi tí mi ò wọ bàtà orí yìnyín rí láyé mi! Mo bá a jà títí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ra kọfí fún mi. Ìwé ìròyìn náà tà wàràwàrà, ọ̀gá wa sì sọ ọ́ di olórí àwọn oníròyìn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìdíje àgbáyé bẹ̀rẹ̀ nílùú Gangneung, Ìyáàfin Maeng tó ń kọ́ Da-in léré wá bá Pyo. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Ọ̀gá Pyo, egungun ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ yìí ti sán. Dókítà ní bó bá sáré, ó lè má rìn dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ káyé gbọ́. Bí mo bá dédé yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á ní ojo ni, wọ́n á ní ó dalẹ̀ ìlú."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Màá kọ ọ́."

Ohun tó kọ ni pé Ọ̀gbẹ́ni Hoekzema, olùkọ́ eré kan tó wá láti Họ́láńdì fún ìdíje náà, sọ pé irin ni ẹsẹ̀ Da-in, kò sí ẹni tó lè gba góòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀?" mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Ṣé ẹ ò fẹ́ kínú ìlú dùn ni? Ta ló máa lọ bi í?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn mẹ́rin ti gbé e. Àwọn aládùúgbò so aṣọ gbàràgàdà tí wọ́n kọ̀wé sí síwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì bàbá Da-in: "Góòlù ti dé tán!" Ìyáàfin Maeng sọ fún mi pé ọmọ náà wo aṣọ yẹn, ó ní, "Olùkọ́, ojú wo ni bàbá mi á fi wò wọ́n bí mi ò bá sáré?"

Ó sáré. Ó yí pápá lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹrin, ẹsẹ̀ náà kán, gbogbo wa sì gbọ́ igbe rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn oníròyìn rọ́ bo Hoekzema: "Ẹ̀yin lẹ ní irin lẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo rí i tó ń tiro níbi ìgbáradì. Ká ní ọmọ mi ni, mi ò ní jẹ́ kó wọ bàtà."

Èmi ni ògbufọ̀. Mo tú u lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mi ò fo ọ̀kan. Gbogbo ojú yí sí Pyo.

Ọ̀gá tó gbé e ga ló kọ́kọ́ lé e. Àwọn tó ń ra irọ́ rẹ̀ ló sọ ẹyin lù ú lójú títì, bí ẹni pé wọn ò bá a jẹ nínú rẹ̀. Kò sí ìwé ìròyìn tó gbà á síṣẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀ mí ká jọ lọ sọ́sìbítù, ó gbé páálí èso píà dání.

Da-in wò ó láti orí ibùsùn. Dókítà ti sọ fún un pé kò ní sáré mọ́.

"Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá oníròyìn. Kí làwọn òyìnbó wí nípa ẹsẹ̀ mi lónìí?"

Pyo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó rí ẹni tó yadi lóòótọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, torí àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ẹni tó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ kì í fi irọ́ yìn ín. Ẹ má fi ìyìn lé ọmọ síná. Bí ọmọ bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ẹ jẹ́ kó jókòó, kí góòlù máa lọ. Ìlú á rí góòlù mìíràn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì péré ni Da-in ní.