Orúkọ Kẹsàn-án Nínú Rẹ́jísítà

Èmi ni mo ń kọ ìtàn Etíyanrìn, ìlú wa létí òkun, tí mo sì ń fi ohùn sọ ọ́ fún gbogbo ìlú lórí Wasaápù. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí mi ò bá sọ ọ́, ta ló fẹ́ sọ ọ́?

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ ti ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé pẹ̀lú ọmọ kíláàsì mi mẹ́sàn-án, Ìyá Mosúnmọ́lá wá di ẹsẹ̀ mi mú. Níbí, ẹnikẹ́ni kì í pe gbogbo orúkọ àwọn tí òkun gbé. A máa ń fi ẹyọ kan sílẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé à ń pè wọ́n wálé.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ fi ti ọmọ mi sílẹ̀."

"Ìyá, ẹ lọ jókòó sílé yín," ni mo wí. Ẹkún rẹ̀ tilẹ̀ sú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣí rẹ́jísítà àtijọ́ létí òkun. Mo fi ìka tẹ fóònù mọ́lẹ̀, ó ń gba ohùn mi. Mo sọ pé ibà ló dá èmi tíṣà wọn dúró sílé lọ́jọ́ náà. Mo wá ń pe orúkọ. Bí mo ṣe ń pè é ni ariwo òkun ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo pe ìkẹjọ, mi ò gbọ́ òkun mọ́ rárá.

"Mosúnmọ́lá Ayédùn."

"Mo wà ńbí, sà."

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá. Omi ń kán sórí iyanrìn.

"Sà, ọwọ́ mi ṣì ń dùn mí, níbi tí ẹ ti fi bàtà tẹ̀ ẹ́ létí ọkọ̀."

Ìka mi yẹ̀ kúrò lórí fóònù. Ohùn àwa méjèèjì ti lọ bá gbogbo ìlú.