Egbòogi Tó Ń Mú Kí Orí Yá

Ẹ bá mi wo àbúrò mi Dámisí o. Oṣù kan rèé tí kò rẹ́rìn-ín.

Inú yàrá ẹ̀ ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló ń wà, fóònù ló ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Lónìí, mo bá a gba egbòogi tó rà lórí Fesibúùkù. Mukúnà ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ó ń fi kún dopamíìnì, èròjà inú ọpọlọ tó ń mú kí orí èèyàn yá.

Àwòrán èso ẹ̀ àti ti obìnrin tó ń tà á wà lára ọ̀rá.

Mo bá bàbá wa nínú yàrá Dámisí, wọ́n gbé iṣu wá láti oko wa ní Ìrẹsà. Wọ́n wo ọ̀rá náà, wọ́n pariwo.

"Obìnrin yìí ló wá bẹ̀ mí lóko pé òun fẹ́ ká èso yìí! Mo ní kó kó gbogbo ẹ̀ lọ. Mo tún fi iṣu mẹ́ta dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Dámisí gbójú sókè. "Bàámi, ẹ ò mọ̀ pé egbòogi ni?"

"Egbòogi kẹ̀? Wèrèpè ni! Látọjọ́ tó ti hù síbẹ̀ ni ara ti ń yún mi dé ìdí!"

Dámisí bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ń dà lójú ẹ̀.

Ọ̀rá náà ṣì wà lọ́wọ́ bàbá wa. Ẹnì kankan ò tíì já a.